Ọkùnrin Tí Ẹnikẹ́ni Kì í Tọrọ Nǹkan Lọ́wọ́ Rẹ̀

Baraniko fi eyín fa okùn náà le, ó lọ́ ọ mọ́ igi òrùlé, ó sì fi orúnkún tẹ abala ewé náà mọ́lẹ̀ kí ó tó ta kókó. Oòrùn ti fẹ́ dé àtàrí. Òógùn ń ṣàn wọ ojú rẹ̀, kò sì sí ọwọ́ tí yóò fi nù ún. Ọwọ́ ọ̀tún wà lára okùn, ọwọ́ òsì di igi mú, ẹsẹ̀ méjèèjì sì há sáàárín igi méjì bíi ti ẹni tí ẹ̀rù ìjábọ́ ń bà. Ẹ̀rù ń bà á lóòótọ́. Òrùlé maneaba ga ju bí ó ṣe rí lójú ẹni tó dúró nísàlẹ̀ lọ, orúnkún rẹ̀ kò sì gbé e mọ́ bó ṣe ń gbé e kí ó tó kúrò ní erékùṣù Onotoa.

"Òmíràn!" ó pariwo.

Moote ló wà nísàlẹ̀ tí ń fi ọ̀pá gígùn gbé ewé sókè. Ọmọ àbúrò bàbá Baraniko ni, ojúgbà rẹ̀ sì ni. Inú ọ̀sà kan náà ni wọ́n ti kọ́ bí a ṣe ń lúwẹ̀ẹ́.

"Òmíràn ń bọ̀, ọ̀gá ẹnjiníà! Ṣé kí n bu òróró sí i kó lè yọ̀ dáadáa?"

Àwọn obìnrin tó jókòó sórí ẹní lábẹ́ igi, tí wọ́n ń rán ewé pọ̀, bú sẹ́rìn-ín. Baraniko náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀fẹ̀ kò wọ́n ọn. Ohun mìíràn ló wọ́n ọn.

Maneaba ni ilé ìpàdé ìlú. Ìdílé kọ̀ọ̀kan ní àyè tirẹ̀ tó ń jókòó sí níbẹ̀, ìdílé kọ̀ọ̀kan ló sì ń bo òrùlé tó wà lókè orí ara rẹ̀. Bí òjò bá jò, gbogbo ìlú á mọ orí ta ló jò sí, wọn á sì fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí di ìgbà òjò mìíràn. Nítorí náà, ilé bàbá Baraniko kò fi iṣẹ́ yìí ṣeré. Tebano, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, wà ní apá kejì òrùlé, ó jókòó bí ẹni pé orí ẹní ló wà, ọwọ́ rẹ̀ ń lọ láìdúró.

"Bọ̀dá Tebano!" Moote ké láti ìsàlẹ̀. "Mo tọrọ ọ̀bẹ yín."

"Ó ti di tìrẹ."

Tebano kò tilẹ̀ wo ìsàlẹ̀. Ó yọ ọ̀bẹ náà ní ìdí rẹ̀, ó jù ú sí ibi tí kò ti ní ba ẹnikẹ́ni, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Eyín ló fi ń gé okùn láti ìgbà náà lọ. Moote kò tíì fi ọ̀bẹ náà ṣe nǹkan kan tí Nei Bwia, ìyá àgbà tí kò ní eyín kankan lẹ́nu mọ́, fi gbé ojú sókè láti ibi ewé tó ń rán.

"Moote, tábà tó wà létí rẹ yẹn, mo tọrọ rẹ̀."

"Háà, ìyá! Gbogbo ohun tó kù fún mi láyé nìyí!"

"Mo mọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi tọrọ rẹ̀."

Moote fún un. Kò sí ẹni tó rò pé kò ní fún un. Bubuti là ń pe èyí: ìbátan tọrọ, ìbátan sì fún un. Kò sí "dúró ná", kò sí "jẹ́ kí n rò ó wò". Ẹni tó bá ní òun kò fún ìbátan òun, ìtìjú rẹ̀ yóò wà níbẹ̀ títí ọmọ rẹ̀ yóò fi dàgbà. Bí nǹkan ṣe ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí ọwọ́ mìíràn nìyẹn láti òwúrọ̀ títí di alẹ́, tábà, ọ̀bẹ, ẹní, ẹlẹ́dẹ̀, ọkọ̀ ojú omi, kò sì sí ohun tó ń pẹ́ lọ́wọ́ ẹnì kan títí tí yóò fi rò pé òun nìkan ló ni ín.

Baraniko ní ọ̀bẹ ní ìdí tirẹ̀ náà. Irin tó dára ni, èbúté Hamburg ló ti rà á, èèkù rẹ̀ sì ń dán nínú oòrùn. Ojú Moote kọjá lórí rẹ̀ bí ojú ṣe ń kọjá lórí òkúta.

Láti ìgbà tó ti padà dé, ẹnikẹ́ni kò tíì tọrọ nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀.

Kò tíì hu irùngbọ̀n gidi nígbà tó kúrò nílùú. Ó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn atukọ̀ ní Tarawa, ibẹ̀ ló ti wọ ọkọ̀ àwọn òyìnbó. Nínú yàrá ẹ́ńjìnnì ni wọ́n fi í sí, kó máa nu òróró nílẹ̀. Kì í mu ọtí, kì í ta tẹ́tẹ́, kì í bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ ní èbúté lọ fi owó ṣòfò. Nígbà tí àwọn yòókù bá sùn, ìwé ló ń kà. Ó gòkè díẹ̀díẹ̀ títí ó fi di ọ̀gá gbogbo àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ẹ́ńjìnnì, tí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin láti ilẹ̀ oríṣiríṣi fi ń dìde bó bá wọlé. Kò fẹ́ ìyàwó. Lẹ́yìn ìrìnàjò tó ń bọ̀ ló máa ń sọ pé òun yóò fẹ́ ẹ. Ohun tó pinnu lọ́kàn ni pé kí òun kọ́kọ́ di ènìyàn pàtàkì ná. Inú dídùn yóò máa tẹ̀lé òun bọ̀ lẹ́yìn, bí ọkọ̀ kékeré ṣe ń tẹ̀lé ọkọ̀ ńlá tó fi okùn fà á.

Ohun gbogbo tó lé, ọwọ́ rẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Ó padà sílé, ó kọ́ ilé sìmẹ́ǹtì tó ní táńkì omi, ó gbé fìríìsà sínú rẹ̀, iná oòrùn wà lórí páànù. Nígbà náà ló bojú wẹ̀yìn. Okùn tó rò pé òun fi ń fa nǹkan bọ̀, kò sí ohunkóhun ní ìdí rẹ̀.

Àṣìṣe tó ṣe kò ju ọ̀rọ̀ díẹ̀ lọ, inú rere ló sì fi sọ ọ́. Ní ọjọ́ tí wọ́n gbà á káàbọ̀ nínú maneaba, ó pín ẹ̀bùn fún gbogbo ìbátan, kò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀, ó sì rí i pé ó dọ́gba. Lẹ́yìn náà ló dìde, ó sọ̀rọ̀ tó ti ń múra rẹ̀ sílẹ̀ láti ojú òkun. Ó ní, "Mo ti pín fún gbogbo yín. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa wá tijú níwájú mi. Ẹ ò ní tọrọ nǹkan kan lọ́wọ́ mi mọ́ láé."

Láàárín àwọn òyìnbó tó ti bá gbé nínú ọkọ̀, ìtọrọ a máa sọ ènìyàn di kékeré. Ó rò pé òun gbé ẹrù kúrò lórí wọn ni. Àwọn àgbà wo ẹní tí wọ́n jókòó lé. Bàbá Kaitu, olórí ìdílé, ló ní, "A ti gbọ́." Ìlú tó ti gbọ́ kì í ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Wọ́n ń kí i, wọ́n ń fi ẹja ránṣẹ́ sí i, wọ́n ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ díẹ̀díẹ̀. Wọn kò tọrọ nǹkan kan.

Nígbà tí òrùlé maneaba gbó, ó ní òun yóò ra páànù láti Tarawa bo gbogbo rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má wàhálà mọ́. Bàbá Kaitu dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ dáadáa, ó sì ní kí àwọn obìnrin lọ máa ṣa ewé.

*

Ní ọ̀sán, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ láti jẹun. Nei Teretia, ìyàwó Tebano, ló bu oúnjẹ: ẹja sísun àti kókò tí wọ́n fi omi àgbọn sè. Obìnrin tó taagun ni, kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò, kì í fi ewé ṣòfò. Baraniko ṣì jẹ́ ọmọdé tí wọ́n ń wẹ̀ nígbà tí obìnrin náà wọ ilé wọn, òun náà sì máa ń bá wọn wẹ̀ ẹ́. Ó gbé ọpọ́n kan kalẹ̀ fún gbogbo ènìyàn, ọwọ́ méje mẹ́jọ sì wọ inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ti Baraniko, inú àwo tánganran ló bù ú sí, ó tẹ́ ẹní tuntun lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó, ó sì fi ṣíbí sí i.

"Ìyàwó wa," ni Baraniko wí, "kí ló dé tí ẹ máa ń gbé oúnjẹ mi kalẹ̀ lọ́tọ̀?"

"Àlejò pàtàkì ni ọ́, ọkọ mi."

"Àlejò? Nínú ilé bàbá mi?"

"Jẹun. Ẹja ń tutù."

Ó jẹun. Nínú ọpọ́n lọ́hùn-ún, Moote ń jà fún orí ẹja, Nei Bwia sì ń gbá a lọ́wọ́. Baraniko gbé orí ẹja tirẹ̀ wò. Òun nìkan ló ni ín, tòun ti ojú rẹ̀ méjèèjì. Ó yọ ọ̀bẹ ní ìdí, ó fi ìka dán ẹnu ọ̀bẹ náà wò.

"Ọ̀bẹ yìí mà mú o," ó wí sókè.

Ènìyàn kì í yin nǹkan rẹ̀ báyìí ní Onotoa. Ẹlòmíràn ló ń yìn ín, bó bá sì ti yìn ín, ó ti fẹ́ tọrọ rẹ̀ nìyẹn. Ọwọ́ dúró nínú ọpọ́n.

Moote gbé oúnjẹ mì. "Ó mú lóòótọ́. Kí Ọlọ́run bá ọ pa á mọ́."

"Bí o bá fẹ́ ẹ, mú un."

"Ṣé ìwọ lò ń fún mi ni, àbí èmi ni mo tọrọ?"

"Èmi ni mo fún ọ."

"O ti fún mi rí, ọ̀gá ẹnjiníà. Tọ́ọ̀ṣì kan àti ṣẹ́ẹ̀tì méjì. Mo dúpẹ́ lọ́jọ́ náà, mo tún dúpẹ́ lónìí. Ṣé kí n wá gba ìpín lẹ́ẹ̀mejì ni, kí àwọn ará ìlú máa pè mí ní olójúkòkòrò?"

"Moote, jẹ́ kó jẹun," ni Nei Bwia wí.

"Mo dí i lẹ́nu ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín kúkurú ni. Baraniko dá ọ̀bẹ padà sínú àkọ̀ rẹ̀.

Lẹ́yìn oúnjẹ, ó gbé àwo rẹ̀ fúnra rẹ̀, ó tẹ̀lé Nei Teretia lọ sídìí kànga. Obìnrin náà kò wo ojú rẹ̀. Ó ń fi iyanrìn ha ọpọ́n.

"Ọkọ mi, kí lò ń wá?"

"Kò sí."

"Irọ́. Láti òwúrọ̀ lo ti ń ṣe bí ọmọ tí wọn ò mú mọ́ eré. Ọ̀bẹ mú, ọ̀bẹ mú. Ta ló bi ọ́?"

Baraniko fọ àwo tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. "Mo ṣi ọ̀rọ̀ sọ lọ́jọ́ tí mo dé. Mo mọ̀ báyìí. Ṣé kò sí bí mo ṣe lè kó o padà?"

"Ẹnu tó sọ ọ̀rọ̀ nínú maneaba, ta ni yóò bá a kó o? Gbọ́ ohun tí mo fẹ́ bi ọ́. Láti ìgbà tó o ti dé, kí lo tọrọ lọ́wọ́ wa?"

"Kí ni n óò tọrọ? Mo ní gbogbo rẹ̀."

"Ẹ̀n-hẹ́n." Ó da omi ọpọ́n nù sídìí igi, kó má bàa ṣòfò. "Ìwọ kì í tọrọ, ojú wo la fẹ́ fi wá tọrọ lọ́wọ́ rẹ? Ṣé kí àwa nìkan máa nawọ́ bí alágbe? Bí ẹ̀gbọ́n rẹ ṣe ń fún Moote ní ọ̀bẹ, ṣé o rò pé kò ní lọ gba àwọ̀n Moote lọ́la? Ìwọ, o dúró sókè, o ń bu nǹkan sílẹ̀ fún wa. O ṣeun. Ṣùgbọ́n báwo la ṣe máa bá ẹni tó ní gbogbo rẹ̀ gbé?"

Baraniko ń wá ìgbà ìkẹyìn tí òun tọrọ nǹkan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kò rí i. Ó ti pàṣẹ, ó ti rà, ó ti fọwọ́ síwèé. Kò tọrọ.

"Ṣé kò sí nǹkan kan rárá ní Onotoa yìí tí ọkàn rẹ ń fà sí?" ni Nei Teretia bi í.

Ojú Baraniko lọ kí ó tó lè dá a dúró. Nei Teretia wo ibi tó wò. Ó kó ọpọ́n rẹ̀, ó sì lọ.

*

Igi àgbọn bàbá wọn ló wò. Ó wà lẹ́yìn maneaba, ó tẹ̀ díẹ̀ sí ọ̀nà ọ̀sà, wọ́n sì gé àyè ẹsẹ̀ sí i lára láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Orí igi náà ni bàbá wọn ti ń dá ẹmu láràárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Òun ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ Baraniko bí a ṣe ń di òdòdó àgbọn kí ó má bàa là, bí a ṣe ń fi ọ̀bẹ gé e fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kí omi rẹ̀ lè máa kán, àti bí a ṣe ń kọrin lókè kí àwọn tó wà nísàlẹ̀ lè mọ̀ pé ọkùnrin wà lórí igi. Ọwọ́ ọmọ náà kò tíì mọ̀ ọ́n tán tó fi lọ sí Tarawa. Bàbá náà kú nígbà tí ọkọ̀ wọn wà lójú òkun.

Nínú yàrá ẹ́ńjìnnì, níbi tí ooru ti ń bó ènìyàn, tí ariwo kò sì jẹ́ kí a gbọ́ ohùn ara ẹni, Baraniko a dijú, a sì gun igi náà. Àyè ẹsẹ̀ kan, òmíràn. Bó bá dé òkè, atẹ́gùn a fẹ́ sí i lára; òkun ńlá wà lápá kan, ọ̀sà wà lápá kejì, ilẹ̀ tóóró wọn sì wà láàárín bí okùn tí ẹnì kan tẹ́ sórí omi. Ó ti dé èbúté tó pọ̀, ó ti rí ilé gíga àti ọjà tó ń tàn. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó fẹ́ bí ó ṣe fẹ́ kí òun wà lórí igi kan yìí pẹ̀lú ọ̀bẹ kékeré lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n Tebano ló ni ín báyìí. Nínú gbogbo igi tó ń dá, òun ni ẹmu rẹ̀ dùn jù. Àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ ń mu ún kí ó tó kan, Nei Bwia, tó jẹ́ ìyá ìyàwó rẹ̀, fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè jẹ nǹkan mìíràn mọ́. Baraniko ní àgbọn lórí ilẹ̀ tó kàn án, wọ́n sì tó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kì í dá ẹmu lórí ọ̀kankan wọn. Kí ni ọkùnrin tó ní ilé sìmẹ́ǹtì fẹ́ fi igi kan ṣe? Báyìí ló ṣe máa ń pa ara rẹ̀ lẹ́nu mọ́ lójoojúmọ́. Ó máa ń dúró lójú fèrèsé rẹ̀ nírọ̀lẹ́ kí ó gbọ́ orin ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lókè, lẹ́yìn náà ló máa ń pa fèrèsé dé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, wọ́n padà sórí òrùlé. Nígbà tí oòrùn rọ̀, Tebano sọ̀ kalẹ̀, ó lọ mú ọ̀bẹ ẹmu rẹ̀ nílé, ó sì lọ dá ẹmu. Wọ́n gbọ́ ohùn rẹ̀ láti òkè, ohùn tó ti ń ya díẹ̀, orin tí bàbá wọn fi ń yin ọ̀bẹ rẹ̀. Baraniko kò ta kókó kankan títí orin náà fi parí. Moote ń gbé ewé sókè, ó sì ń fi ọ̀pá gbá a lẹ́sẹ̀.

"Ọ̀gá ẹnjiníà, ẹ́ńjìnnì ti kú!"

Tebano dé, ó fi ẹmu lọ àwọn tó wà nísàlẹ̀, Nei Bwia ló kọ́kọ́ gbà á. Ó tún gòkè wá. Abala díẹ̀ ló kù fún wọn, àwọn méjèèjì sì ti fẹ́ pàdé lórí góńgó òrùlé. Baraniko ń gbọ́ èémí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó ń gbóòórùn ẹmu lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi."

"Hùn."

"Mo fẹ́ ṣe bubuti."

Nísàlẹ̀, abẹ́rẹ́ àwọn obìnrin dúró. Moote gbé ọ̀pá rẹ̀ kalẹ̀.

"Lọ́dọ̀ ta?" ni Tebano wí.

"Lọ́dọ̀ yín."

"Sọ ọ́."

Baraniko ti bá ọ̀gá ọkọ̀ jiyàn nínú ìjì, ohùn rẹ̀ kò sì gbọ̀n. Ó gbọ̀n báyìí. "Igi àgbọn bàbá wa, èyí tó tẹ̀ sí ọ̀sà. Mo tọrọ rẹ̀. Mo fẹ́ máa dá ẹmu rẹ̀ fúnra mi."

Ọwọ́ Tebano dúró lórí okùn, kò pẹ́ ju ìgbà tí ènìyàn fi ń mí lẹ́ẹ̀kan lọ.

"Ó ti di tìrẹ," ó wí. "Na okùn yẹn sí mi."

Ohùn tó fi fún Moote ní ọ̀bẹ náà ni. Ṣùgbọ́n Baraniko sún mọ́ ọn tó láti rí i pé ojú rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ Nei Bwia nísàlẹ̀, ó tún padà kíákíá. Ìtìjú mú Baraniko. Ó fẹ́ ní òun kò gbà á mọ́. Kò ṣeé ṣe. Ẹni tó bá dá ohun tó tọrọ padà ti bú ẹni tó fún un. Ó na okùn náà. Wọ́n ń bá iṣẹ́ lọ, ẹnikẹ́ni kò sì ṣe ẹ̀fẹ̀. Moote pàápàá ń gbé ewé sókè láìsọ̀rọ̀.

Ọkàn rẹ̀ kò dúró sójú kan. Ó ń rò pé òun ti tún ṣàṣìṣe, pé òun ti gba ohun mímu kúrò lẹ́nu arúgbó nítorí àlá ọmọdé. Bó bá sì ti rò bẹ́ẹ̀ tán, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ a tún rántí àyè ẹsẹ̀ tó wà lára igi náà. Ní òwúrọ̀ ọ̀la ni. Ní òwúrọ̀ ọ̀la, òun yóò wà lókè. Ó ti ń wá orin náà lọ́kàn, ìlà kejì rẹ̀ ni kò rántí.

Wọ́n so abala tó kẹ́yìn. Tebano fi ọ̀bẹ ẹmu rẹ̀ gé etí ewé náà kó tẹ́jú. Bàbá Kaitu tẹ ọ̀pá rẹ̀ wọlé, ó fara balẹ̀ dùbúlẹ̀ ní gbalaja sórí ẹní nísàlẹ̀ apá tiwọn, ó wo òkè pẹ́, ó yí orí síhìn-ín, ó yí orí sọ́hùn-ún.

"Mi ò rí ojú ọ̀run," ó wí.

Iṣẹ́ ti parí nìyẹn. Àwọn obìnrin pàtẹ́wọ́. Baraniko sọ̀ kalẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa àwọn okùn tó ṣẹ́ kù, ó ń ká wọn jọ. Nígbà tó gbé orí sókè, Nei Teretia ló dúró níwájú rẹ̀, ó fọwọ́ lé ìbàdí, àjákù ewé wà nínú irun rẹ̀.

"Ọkọ mi."

"Ìyàwó wa."

"Mo fẹ́ ṣe bubuti."

Okùn jábọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Lọ́dọ̀ ta?"

"Ṣé mò ń wo ẹlòmíràn ni?"

"Ẹ sọ ọ́." Ó ti ń wo ilé rẹ̀ lọ́kàn, yàrá dé yàrá. Ohunkóhun tó bá dárúkọ níbẹ̀, òun yóò sáré gbé e wá, tẹ̀ríntẹ̀rín.

"Igi àgbọn kan ni mo fẹ́, tí n óò máa rí ẹmu rẹ̀ fún ìyá mi."

"Igi wo?"

"Mélòó lo ní tó wà fún ẹmu?"

Ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ ẹ̀rín láàárín àwọn obìnrin, ó gbé e mì. Gbogbo wọn ń wò ó. Baraniko wo igi náà. Kò tíì fọwọ́ kàn án láti ìgbà tó ti di tirẹ̀. Ó rò ó pé òun lè ní kí Nei Teretia dúró di ọ̀la, kí òun gùn ún lẹ́ẹ̀kan péré, kí òun kọ orin kan lókè. Kò sí ẹni tó ń sọ bẹ́ẹ̀. Nínú gbogbo ohun tó ní láyé, obìnrin yìí mú ẹyọ kan ṣoṣo tí yóò mọ̀ ọ́n lára nígbà tó bá kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Kò dá a sí. Bí wọ́n ṣe ń tọrọ lọ́wọ́ ara ilé nìyẹn.

"Ó ti di tiyín," ó wí, ohùn rẹ̀ sì já láàárín.

"O ṣeun, ọkọ mi."

Ìgbà náà ni Moote da ọ̀pá rẹ̀ nù. "Ẹ wá wo ọlọ́rọ̀! Ó ní igi nírọ̀lẹ́, ó tòṣì kí ilẹ̀ tó ṣú!"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Nei Bwia ń fi ọwọ́ lu itan, ẹnu rẹ̀ tí kò ní eyín là gbàgà. Lórí òrùlé, Tebano tí kì í rẹ́rìn-ín dì mọ́ igi kí ó má bàa já bọ́. Baraniko náà rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀, ó sì fi apá nù ún bí ẹni ń nu òógùn. Ẹ̀rín àwọn yòókù lọ sílẹ̀. Omi ojú tirẹ̀ kò tíì dá.

Ó ká okùn rẹ̀ tán, ó fún Bàbá Kaitu, ó yí padà, ó bọ́ sọ́nà.

"Baraniko!" Moote ni. Kò pè é ní ọ̀gá ẹnjiníà. "Bàtà ẹsẹ̀ rẹ yẹn, mo tọrọ rẹ̀!"

"Ó ti di tìrẹ."

Kò bojú wẹ̀yìn. Ó bọ́ ọ síbẹ̀, ó tò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara, ó sì ń lọ. Ẹsẹ̀ tó ti pẹ́ nínú bàtà kò mọ òkúta etí òkun mọ́; ó ń gún un ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Abẹ́ igi náà ni ọ̀nà ilé rẹ̀ gbà. Ó gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, kò gbójú sókè.